Kòkòrò tó ní ẹ̀mú nídìí: ọ̀wọ́ wo ló wà, ṣé ó léwu?

Ìyá Kẹ́hìndé, Òṣogbo

Ẹ kú ilé o. Tísà Kẹ́hìndé fún wọn níṣẹ́ àṣetiléwá: kí wọ́n kó kòkòrò mẹ́wàá jọ, kí ìkọ̀ọ̀kan wá láti inú order tirẹ̀ (ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá tí àwọn onímọ̀ pín kòkòrò sí), méjì ò gbọdọ̀ jọ wà nínú order kan. Ọ̀wọ́ ni mo máa pè é níbí. A ti ní labalábá, eṣinṣin, tata, aáyán, ikán, oyin àti yímíyímí. Lánàá la gbé ìkòkò òdòdó kan lẹ́yìnkùlé, la bá àwọn kan lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sá kiri. Ara wọn gùn, ó rí pẹlẹbẹ, àwọ̀ wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ohun kan sì wà nídìí wọn tó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Táíwò ní ọmọ àkeekèé ni. Kẹ́hìndé ní ìbátan yímíyímí ni, nítorí ìyẹ́ líle tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ká tètè da omi gbígbóná lé wọn lórí, pé etí èèyàn ni wọ́n ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ ọ́n? Ibo ni ká kọ ọ́ sí, ṣé mo sì lè jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ mú un?

Tísà Báólọ́jì

Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ ní kí Táíwò ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́fà ló máa bá. Mẹ́jọ ni ti àkeekèé, torí ìbátan aláǹtakùn ni àkeekèé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iwájú ni ẹ̀mú àkeekèé wà, oró ló gbé sẹ́yìn. Ẹ̀mú lásán ló wà nídìí èyí tẹ́ ẹ rí, kò sí oró kankan níbẹ̀. Tí ẹ bá di ẹyọ kan tó tóbi mú, ó lè fún yín lọ́wọ́, àmọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Earwig ni òyìnbó ń pè é, ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹlẹ́mùú. Dermaptera ni orúkọ ọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yà tó wà nínú rẹ̀ káàkiri ayé tó bíi 2,000, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni wọ́n sì pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé yẹ nǹkan wọ̀nyí wò dáadáa kó tó kọ ọ́ sílẹ̀: ìyẹ́ iwájú rẹ̀ kúkúrú gan-an, kò bo ikùn, ẹnu rẹ̀ jẹ́ ẹnu tó ń rún oúnjẹ, kì í ṣe èyí tó ń fà á mu, ìdí rẹ̀ sì ní ẹ̀mú méjì tó kọjú síra wọn. Bí ẹ̀mú náà bá tẹ̀ kọdọrọ, akọ ni. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ tí orí rẹ̀ sì súnmọ́ ara wọn, abo ni.

Ohun tó máa yà á lẹ́nu: kó wo ìdí ìrẹ̀ tàbí ti aáyán. Á rí ìrù kékeré méjì níbẹ̀. Ẹ̀yà ara kan náà ni ẹ̀mú yìí. Ti ìrẹ̀ rọ̀, ó fi ń mọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ṣí. Ti èyí ti le, ó fi ń jà, ó fi ń mú ẹran, àwọn mìíràn tún máa ń fi ká ìyẹ́ wọn.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Ẹ bá mi kí Màmá nílé. Ọ̀rọ̀ etí yẹn, àwọn òyìnbó pàápàá ti gbà á gbọ́ láyé àtijọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi híhá tó ṣókùnkùn tó sì tutù ni kòkòrò yìí fẹ́, abẹ́ òkúta, abẹ́ èèpo igi, abẹ́ ìkòkò. Kò sí ohun tó ń wá létí èèyàn. Ó lè ṣèèṣì wọ̀ ọ́ bí ẹnikẹ́ni bá sùn sórí ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kòkòrò yòówù ṣe lè ṣe. Aáyán ló máa ń wọ etí èèyàn jù ní tòótọ́, a kì í sì í sọ pé etí ló bí aáyán.

Níwọ̀n ìgbà tọ́rọ̀ ti débẹ̀: bí kòkòrò bá wọ ọmọ létí, ẹ má fi igi ìṣáná, ìyẹ́ adìẹ tàbí irin kankan rò ó. Ẹ máa tì í wọnú sí i ni, ẹ sì lè fi lu ìlù etí. Bí ẹ bá mọ̀ dájú pé etí náà kì í ṣọyún, tí ìlù rẹ̀ kò lu, ẹ jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ rọ òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ sí i kí kòkòrò náà lè kú, kí ara tó tu ọmọ, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yọ ọ́. Bí etí náà bá ti ń ṣọyún tẹ́lẹ̀, ẹ má rọ nǹkan kan sí i, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ tààrà.

Bọ́ọ̀dà Dépò

Ẹ má fi ọmọ wá ṣòfò o. Kòkòrò kan wà tó jọ ọ́ dáadáa tó ń sun èèyàn lára! Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa nígbà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tí kò bó lọ́rùn. Champion fly la ń pè é.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Òótọ́ lẹ sọ, ó sì dára tẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀. Champion fly yẹn ló yẹ kéèyàn sá fún, kì í ṣe ẹlẹ́mùú. Paederus ni, ó sì tín-ín-rín ju ẹlẹ́mùú lọ: orí dúdú, àyà pupa, ìyẹ́ kúkúrú tó ń dán láàárín ẹ̀yìn, ìdí rẹ̀ dúdú. Kì í bunijẹ, kì í tani. Omi inú ara rẹ̀ ni májèlé, béèyàn bá fọwọ́ rẹ́ ẹ mọ́ ara, ó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí ibẹ̀ tó pọ́n tó sì léròrò. Bó bá bà lé yín lára, ẹ fẹ́ ẹ lẹ́nu kó fò lọ. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ kíá, ẹ má sì fi ọwọ́ yẹn nu ojú. Lálẹ́, iná ló ń pè wọ́n wọlé, nítorí náà ẹ paná tàbí kẹ́ ẹ ta àwọ̀n sójú fèrèsé.

Tísà Báólọ́jì

Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Kẹ́hìndé, ìyàtọ̀ rèé: ìyẹ́ iwájú méjèèjì kúkúrú, ìyẹn ló mú kí wọ́n jọra. Ṣùgbọ́n champion fly kò ní ẹ̀mú. Coleoptera ni òun, ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú yímíyímí àti kòkòrò ẹ̀wà. Torí náà tí ẹ bá rí èyí tó ní ìyẹ́ kékeré tí kò sì ní ẹ̀mú, ẹ má kọ Dermaptera sí i lábẹ́. Ẹ má sì fọwọ́ mú un.

Ìyá Kẹ́hìndé, Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an. Kẹ́hìndé ò tíì gbà o. Ó ní bí ìyẹ́ líle bá wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, kí ló dé tí wọn ò lè jẹ́ ọ̀wọ́ kan?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò, Ìbàdàn

Ìbéèrè gidi lọmọ yẹn béèrè. Ẹ sọ fún un pé Linnaeus gan-an, ará Sweden tó ṣètò bí a ṣe ń pín ẹ̀dá sí ọ̀wọ́, rò bíi tirẹ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1758, àárín Coleoptera ló kó ẹlẹ́mùú sí, nítorí ìyẹ́ líle yẹn. Ará Sweden mìíràn, De Geer, ló dá orúkọ Dermaptera sílẹ̀ ní 1773, ṣùgbọ́n tòun ti tata àti aáyán ló jọ kó sínú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó yọ àwọn yòókù kúrò, tó wá ku ẹlẹ́mùú nìkan.

Ohun tó yà á kúrò lára yímíyímí ni bó ṣe ń dàgbà. Ẹyin yímíyímí a di ìdin, ìdin a sùn bí òkú, a wá jí pẹ̀lú ara mìíràn. Oyin, labalábá àti eṣinṣin náà ń gba ọ̀nà yẹn. Ti ẹlẹ́mùú kò rí bẹ́ẹ̀: bó ṣe jáde nínú ẹyin ló ti jọ ìyá rẹ̀, kò kàn ní ìyẹ́ ni, á máa bọ́ awọ títí á fi dàgbà, ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọ̀nà tí tata àti aáyán ń gbà dàgbà nìyẹn. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yímíyímí ló jọ lójú, labalábá sún mọ́ yímíyímí ju bí ẹlẹ́mùú ṣe sún mọ́ ọn lọ. Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé rẹ̀, tísà wọn á fún un ní máàkì.

Àwùjọ ńlá tí ẹlẹ́mùú wà ni wọ́n ń pè ní Polyneoptera. Tata àti ìrẹ̀ wà níbẹ̀, aáyán, ikán, èyí tó ń ká ọwọ́ sáyà bí olùgbàdúrà, àti èyí tó gùn tín-ín-rín tó dúró bí igi gbígbẹ. Ta wá ló sún mọ́ ọn jù nínú wọn? Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 2014, nǹkan bí 100 onímọ̀ pawọ́ pọ̀ yẹ àbùdá (gene) ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò wò, ìwádìí yẹn sì fi ẹlẹ́mùú sẹ́gbẹ̀ẹ́ Zoraptera. Zoraptera kéré débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ, inú igi jíjẹrà ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò wọ́n kò lè pè wọ́n ní ìbátan láéláé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, Ìyá Kẹ́hìndé, ó sì kan iṣẹ́ yín gan-an: aáyán àti ikán tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, ọ̀wọ́ kan ni wọ́n báyìí. Láti nǹkan bí ọdún 2007 ni àwọn onímọ̀ ti ń kó ikán sínú Blattodea pẹ̀lú aáyán, torí àwọn aáyán kan tó ń jẹ igi ló bí ìran ikán. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ míì ṣì ń fi ikán sí ọ̀wọ́ tirẹ̀, Isoptera. Ẹ wo èyí tó wà nínú ìwé tí tísà wọn ń lò. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ yọ ọ̀kan kúrò.

Ìyá Kẹ́hìndé, Òṣogbo

Háà! Ikán ọmọ aáyán! Inú Màmá ò dùn sí i rárá, wọ́n ní èsúnsún táwọn ti ń dín jẹ láti kékeré.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn

Èmi ò mọ Polyneoptera o, àmọ́ mo mọ kòkòrò yìí lóko. Inú ewé àárín àgbàdo tí kò tíì yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ló ń sùn lọ́sàn-án. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá rí i níbẹ̀, òun ló máa ń di ẹ̀bi rù pé ó jẹ ewé. Nígbà tí armyworm, ìdin tó ń ba àgbàdo jẹ́, dé lọ́dún 2016, ọ̀pọ̀ wa fín oògùn lé gbogbo rẹ̀ lórí, ẹlẹ́mùú kú tòun ti aláǹtakùn àti èèrà, armyworm sì tún padà wá.

Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí. Armyworm kò ní ẹ̀mú, ìdin tó ń wọ́ ni. Iwájú orí rẹ̀ ní ìlà funfun tó rí bí lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ sì ní àmì dúdú mẹ́rin tó to ara wọn ní igun mẹ́rin. Òun ló ń lu ewé ní ihò, tó ń fi ìgbẹ́ sílẹ̀ nínú ọkàn àgbàdo. Ẹlẹ́mùú tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹyin armyworm àti àwọn kéékèèké rẹ̀ ló ń jẹ. Òótọ́ ni pé ó máa ń jẹ irun àgbàdo díẹ̀ nígbà míì, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀bùn ni mo ka ìyẹn sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò, Ìbàdàn

Bàbá, ẹ̀yin àti àwọn ará Brazil ń sọ ohun kan náà! Nínú oko àgbàdo níbẹ̀, ẹlẹ́mùú kan wà tí wọ́n ń pè ní Doru luteipes. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí rẹ̀ nítorí pé inú ewé àgbàdo ló ń yé ẹyin sí, tó sì ń jẹ ẹyin armyworm. Ọ̀dọ̀ wọn ni armyworm ti wà láti ayébáyé, wọ́n ti mọ ẹni tó ń bá a jà. Ní Áfíríkà, ẹ̀yà Diaperasticus ló sábà máa ń wà nínú àgbàdo. Ẹ jẹ́ ká máa yẹ oko wò ká tó fín. Bí igi àgbàdo tí armyworm bá wà lára rẹ̀ kò bá pọ̀, ẹ fọwọ́ mú un, ẹ tẹ ẹyin rẹ̀ fọ́ lára ewé.

Ọmọ Peckham

Ẹ̀yin èèyàn ilé, ẹ kú iṣẹ́. Níbí ní London, òun ló kún inú ọgbà mi nígbà ooru, Forficula auricularia lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń jẹ òdòdó dahlia, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn aládùúgbò mi kórìíra rẹ̀. Ọgbọ́n tí bàbá arúgbó kan tó ń ṣọ́ ọgbà kọ́ mi: ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ìwé ìròyìn kún ìkòkò amọ̀ kékeré, ẹ dojú rẹ̀ dé orí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó. Ilẹ̀ á mọ́, gbogbo wọn á ti kó síbẹ̀. Kò sí oògùn, kò sí owó.

Àmọ́ ẹ má pa wọ́n. Ẹ gbọ̀n wọ́n dà sí ìdí igi ápù. Wọ́n ń jẹ kòkòrò kéékèèké tó ń fa oje igi, àwọn tó ń so igi ápù ní ilẹ̀ Yúróòpù sì kà wọ́n sí òṣìṣẹ́. Ọkọ̀ òkun ló gbé irú yìí dé Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ó ti tàn kálẹ̀ níbẹ̀ báyìí.

Ọdẹ Ìjẹ̀bú

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Bí mo bá pa òkété, kó tó tutù tán, àwọn kòkòrò pẹlẹbẹ kan a máa sá jáde nínú irun rẹ̀. Wọn kì í ṣe iná, wọn kì í ṣe eégbọn. Wọ́n pọ́n, wọ́n yára, wọ́n sì jọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, àfi pé ẹ̀mú ò sí níbẹ̀. Ṣé ẹbí ni wọ́n ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò, Ìbàdàn

Bàbá Ọdẹ, mo fẹ́ dìde jó! Ẹlẹ́mùú ni wọ́n, irú wọn yìí kò sì sí lórí ilẹ̀ mìíràn àfi Áfíríkà. Hemimerus ni orúkọ wọn, ara òkété ni wọ́n sì ń gbé látọmọdé dàgbà. Wọn ò ní ojú, wọn ò ní ìyẹ́. Ibi tó yẹ kí ẹ̀mú wà, ìrù tín-ín-rín méjì tó tọ́ ló wà níbẹ̀. Wọn kì í mu ẹ̀jẹ̀ òkété. Èépá awọ rẹ̀ àti olú tó ń hù lára rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Dípò kí wọ́n yé ẹyin, ọmọ ni wọ́n ń bí láàyè.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá kò kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n máa fi wọ́n sí. Lọ́dún 1879, ará Switzerland kan, de Saussure, dá odindi ọ̀wọ́ sílẹ̀ fún wọn, ó pè é ní Diploglossata, nítorí ó rò pé ètè ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ méjì. Nígbà tí wọ́n tún un wò, ètè méjì kò sí níbẹ̀. Wọ́n dá wọn padà sínú Dermaptera. Irú wọn mìíràn tún wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, Arixenia, inú ihò tí àdán ń gbé ni tiwọn.

Tí ẹ bá tún pa òkété, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ sínú ìgò spirit kẹ́ ẹ tó wì í. Ẹ bá mi fi pamọ́.

Ọdẹ Ìjẹ̀bú

Ìgò ò wọ́n. Ṣé wọn kì í bá èèyàn jẹ ẹran ọ̀hún?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò, Ìbàdàn

Rárá, Bàbá, wọn ò lè gbé lára èèyàn. Ṣùgbọ́n òkété fúnra rẹ̀ lè ní àìsàn, ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ sì sè é jinná.

Bọ́ọ̀dà Dépò

Èwo ló tóbi jù lọ nínú wọn? Kí n lè mọ èyí tí mo máa sá fún.

Tísà Báólọ́jì

Ẹ ò ní rí i mọ́. Erékùṣù Saint Helena, láàárín òkun Àtìláńtíìkì, ló wà, Labidura herculeana. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ àti díẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n rí i láàyè kẹ́yìn, lọ́dún 2014 ni wọ́n kéde pé ó ti run. Eku àti ọ̀kùn ńlá aṣánijẹ tí èèyàn kó dé erékùṣù náà wà lára ohun tó pa á run, wọ́n sì tún kó òkúta ibi tó ń sá sí lọ fún ilé kíkọ́.

Ìyá Kẹ́hìndé, tí ẹ bá yọ ikán tàbí aáyán, tí ẹ fi ẹlẹ́mùú sí i, ó ku mẹ́ta. Ẹ wá lámilámi létí omi, Odonata nìyẹn. Ẹ wá ìdun, Hemiptera. Ẹ wá olùgbàdúrà yẹn nínú koríko, Mantodea. Ẹ má mú èèrà, torí ọ̀wọ́ kan náà ni pẹ̀lú oyin. Ẹ má mú ẹ̀fọn, ẹ ti ní eṣinṣin. Ẹ má mú ìrẹ̀, ẹ ti ní tata.

Fún ẹlẹ́mùú, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un láàárín, ara rẹ̀ á fọ́. Ìgò kékeré pẹ̀lú spirit ló dára jù. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i, ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i àti orúkọ Kẹ́hìndé sórí ìwé pélébé, kẹ́ ẹ sì ju ìwé náà sínú ìgò, torí spirit máa ń pa yíǹkì bíro rẹ́.

Ìyá Kẹ́hìndé, Òṣogbo

Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. A tún padà lọ gbé ìkòkò yẹn. Ẹyọ kan wà níbẹ̀ tí kò sá rárá, ó dùbúlẹ̀ lé àwọn ẹyin funfun kan lórí, ó ń fi ẹnu kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́hìndé fẹ́ kó ìyá tòun tẹyin sínú ìgò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò, Ìbàdàn

Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó fi ìyẹn sílẹ̀. Lílá ló ń lá ẹyin yẹn kí olú má bàa hù lára wọn, bí ó bá sì kúrò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa bàjẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa tán, á ṣì máa bọ́ wọn fúngbà díẹ̀. Bí wọ́n bá ń dà á láàmú jù, ó lè jẹ ẹyin náà fúnra rẹ̀. Ẹ rọra gbé ìkòkò padà sáyè ẹ̀, kí ọmọ mú òmíràn tó ń sá kiri, pàápàá akọ tí ẹ̀mú rẹ̀ tẹ̀, torí òun ló máa hàn dáadáa nínú ìgò.

Ìyá Kẹ́hìndé, Òṣogbo

A ti gbé e padà. Ó ti mú akọ kan, ó fún un lọ́wọ́, ó pariwo, Táíwò ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó ku lámilámi. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń mú lámilámi?